ÌBÀDÀN LÓJÚ ỌMỌ ÌKIRÈ ÀTI ÀPÒMÙ

Ọ̀rọ̀ lórí àwọn ibi tí ó yẹ ní wíwò ní ìlú ńlá ní àkókò ìsinmi

Àkókò ìsinmi kù sí dẹ̀dẹ̀. Láìpẹ́ àwọn ilé-ìwé yóò ti ìlẹ̀kùn wọn, ọ̀pọ̀ nínú yín yóò sì mú ọ̀nà Ìbàdàn pọ̀n, àwọn kan láti lọ kí ẹbí, àwọn mìíràn kí ojú wọn lè rí ìlú ńlá. A kò wá láti dá ẹnikẹ́ni dúró, nítorí ìlú ńlá dára ní wíwò. Ohun tí a wá sọ ni àwọn ibi tí ó yẹ kí ẹ dé níbẹ̀, àti irú ojú tí ó yẹ kí ẹ fi wò wọ́n.

Àwọn àgbà a máa wí pé, àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. A ti kíyèsi àwọn tí ó ti Ìbàdàn bọ̀. Bí a bá bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ rí níbẹ̀?" wọn a dáhùn pé ọkọ̀ pọ̀ bí eṣú, pé ilé ga, pé iná ń tàn ní òru bí ẹni pé ọ̀sán ni. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti Kánò wá, tí kò gbọ́ èdè wa rárá, yóò rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn ọ̀dọ́ kan a máa mú ẹ̀gàn bọ̀ wálé. Wọn a wo ilé baba wọn, wọn a wo ọjà tí ìyá wọn ń ná, wọn a sì wí pé, "Ìlú oko ni a ń gbé." Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kò fi nǹkan kún ènìyàn, ó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kò yẹ kí ọmọ Ìkirè tàbí ọmọ Àpòmù wọ Ìbàdàn bí àlejò. Nínú ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Àpòmù ni ogun ti jáde, èyí tí ó bí Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí. Nínú kòkó tí a ká ní irú oko tiyín ni a ti rí owó kọ́ ilé gíga tí òkìkí rẹ̀ kàn jù níbẹ̀. Odò tí ẹ ń kọjá lójú ọ̀nà ni ìlú náà sì ń mu. Ẹni tí ó bá mọ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí kí ó tó wọ ọkọ̀, ìwòran tirẹ̀ yóò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn.

ÈKÍNÍ: ÌTÀN TÍ Ẹ NÍ LÁTI GBÉ LỌ

Ní ayé àtijọ́, Àpòmù wà lábẹ́ Ifẹ̀, ọjà rẹ̀ sì jẹ́ ibi ìpàdé àwọn ará Ọ̀yọ́, àwọn ará Ifẹ̀, àwọn ará Òwu àti àwọn ará Ìjẹ̀bú. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ní 20 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ méjì nípa ọjà yìí tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ìlú mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni ti Baálẹ̀ Àpòmù kan. Johnson wí pé kí Aólẹ̀ tó jẹ Aláàfin ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, òwò a máa gbé e dé Àpòmù. Ní ọjọ́ kan ó ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ sí oko ẹrú ní ọjà náà. Nígbà tí Baálẹ̀ gbọ́, ó pàṣẹ kí a nà án ní pàṣán. Ọjọ́ lọ, ọjọ́ bọ̀, Aólẹ̀ gun orí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìlú tí òun fẹ́ kí ogun rẹ̀ kọ́kọ́ lọ jà, ó dárúkọ Àpòmù. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé Ọọ̀ni pàápàá kò lè gbà á, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, kí ogun má ba à jó ìlú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ fi tu ọba nínú. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn wa: ọkùnrin yìí ṣe ìdájọ́ òdodo láìwo ojú ọmọ ọba, nígbà tí ẹ̀san rẹ̀ sì dé, ó fi orí ara rẹ̀ san án dípò orí àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti Ogun Òwu. Ìjínigbé gbilẹ̀ ní ọjà Àpòmù. A ń gbá àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ mú, a sì ń tà wọ́n. Àwọn olórí Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó bá wọn fi òpin sí i. Òwu sì dìde, ó kọlu àwọn ìlú Ifẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yìí, ó sì di ọ̀tá Ifẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Lẹ́yìn èyí, ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà kan náà láàárín àwọn ará Òwu àti àwọn ará Ìjẹ̀bú. Kí ni ó fa ìjà náà? Ataare ni. Nítorí ataare tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, Òwu wọ Àpòmù pẹ̀lú ìbínú, wọ́n pa ìlú run, ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀bú tí ń ṣòwò níbẹ̀ sì pàdánù ẹ̀mí àti ọjà wọn.

Nígbà náà ni Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ di ọ̀kan, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò ní ilé wọn sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìjẹ̀bú ní ìbọn. Idà agẹdẹǹgbẹ́ ni Òwu gbójú lé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dó ti Òwu, títí ìyàn fi mú un, ìlú náà sì ṣubú ní àwọn ọdún tí ó yí 1820 ká. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò padà sí ilé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ilé mọ́. Wọ́n ń lọ láti ìlú Ẹ̀gbá kan dé òmíràn, wọ́n ń pa wọ́n run, títí wọ́n fi dé ìlú Ẹ̀gbá kan tí àwọn onílé ti sá kúrò nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1829 wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Ìbàdàn ni orúkọ rẹ̀.

A kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè máa fọ́nnu. Ènìyàn ni a ń tà ní ọjà náà, ẹ̀rín kò sì sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìlú tí ó tóbi tó Ìbàdàn ti ara ìjà ataare jáde ní ọjà ìlú òun, kò ní fi ojú yẹpẹrẹ wo ọjà ìlú òun mọ́.

ÈKEJÌ: ÀWỌN ORÍ ÒKÈ ÌBÀDÀN

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wọ ìlú. Bí ẹ bá dé Ìbàdàn, ẹ má ṣe kọ́kọ́ lọ sí ibi tí iná pọ̀ sí. Ẹ lọ sí Ọjà'ba ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, nítorí ní àyíká ibẹ̀ ni àwọn jagunjagun wọnnì dó sí. Máyẹ̀ Okùnadé, ará Ifẹ̀, ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí wọn. Lẹ́yìn tí ogun pa á, agbára bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́. Olúyọ̀lé, tí ó jẹ oyè Baṣọ̀run, ni a ń pè ní Ìba. Òun ni orúkọ ọjà náà ń rántí. Ẹ dúró láàárín àwọn ìyá tí ń tajà níbẹ̀, kí ẹ sì wí fún àwọn ọmọ yín pé, "Àwọn tí ó jà nítorí Àpòmù ni ó kọ́kọ́ pa àgọ́ sí ibí."

Láti ibẹ̀, ẹ gun òkè lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó, ilé olópòó gàgàrà tí a ṣí ní ọdún 1929, ní ayé ìjọba òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ya àwòrán níwájú òpó wọnnì, wọn a sì sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ sí i. Ní ìparí ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ tí owó-orí ti wọ̀ lọ́rùn wá sí Mápó láti fi ẹ̀hónú hàn. Ìbọn dún, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn ni a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà. Ní ọdún 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgọ́dí, wọ́n tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, ìjọba sì dín owó-orí kù níkẹyìn. Oko kòkó ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, ní irú abúlé tí ẹ̀yin náà ń gbé.

Òkè kejì ni Òkè Aàrẹ, níbi tí ilé ìṣọ́ tí a ń pè ní Láyípo wà. A kọ́ ọ ní ọdún 1936. Orúkọ rẹ̀ bá a mu, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń lọ́ yípo bí ìkarahun ìgbín títí ènìyàn yóò fi dé òkè. Kí ẹ tó lọ, ẹ bèèrè bí a bá ń ṣí i ní ọjọ́ náà. Bí ẹ bá dé orí rẹ̀, gbogbo Ìbàdàn yóò tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín: òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, agboolé tí ó so mọ́ agboolé, òkè lẹ́yìn òkè. Bóyá kò sí ibi mìíràn tí ojú ti lè rí i dáadáa pé ibùdó ogun ni ìlú yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ilé fún mọ́ ara wọn bí àgọ́ ológun.

Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ẹni tí a kọ́ Láyípo fún pẹ̀lú. Kápútẹ́nì Bower ni, òyìnbó aṣojú ìjọba tí ó kọ́kọ́ jókòó sí Ìbàdàn lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1893. Òun kan náà ni ó yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní ọdún 1895. Kì í ṣe gbogbo ilé ìrántí ni ó ń rántí ọ̀rẹ́ wa. Ó dára kí ènìyàn gun un, kí ó gbádùn afẹ́fẹ́ orí rẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí ó dúró fún.

Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣì gbé yín, ẹ yà sí Kúdẹtì. Níbẹ̀ ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí ní ọdún 1853. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n kọ́ ilé alájà, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé ní àárín ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ogun. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ọ̀làjú ní Ìbàdàn, láti ibi kékeré yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

ÌKẸTA: ÀWỌN ILÉ TÍ KÒKÓ KỌ́

Ní ọjọ́ kejì, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, kí ẹ wo Ilé Kòkó. Ilé alájà 26 ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí mítà 105. Nígbà tí a parí rẹ̀ ní ọdún 1965, òun ni a ń sọ pé ó ga jù ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 1985. A tún un ṣe, a sì tún ṣí i ní ọdún 1992.

Ẹ̀yin ará Ìkirè, a fẹ́ kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan bí ẹ bá gbé ojú sókè wo ilé náà: owó ta ni? Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kì í walẹ̀ rí wúrà. Kòkó ni wúrà rẹ̀. Àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ a máa ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ó dá. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, iye yìí kéré sí èyí tí ọjà òkè-òkun ń san, àjọ náà a sì fi ìyókù pamọ́. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni a ti rí Ilé Kòkó kọ́. Owó kòkó náà ni ó wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àti lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, èyí tí ó ṣáájú irú rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Àdá tí baba ńlá yín fi la kòkó, àpò tí ìyá ńlá yín fi sá a sí oòrùn, wọ́n wà nínú ògiri ilé yẹn. Bí ọmọ yín bá wí pé ilé náà ga, ẹ dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, orí èjìká wa ni ó dúró lé."

Ẹni tí ó bá jẹ́ àgbẹ̀ títí di òní, kí ó má ṣe ṣàìbèèrè ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́, níbi tí Ilé Ìwádìí Kòkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, wà. Ìrìn-àjò afẹ́ tí ó bá fi ọgbọ́n kún oko, èrè ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948 lábẹ́ ìtọ́jú Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì dá dúró ní ọdún 1962. Ọgbà ẹranko wà níbẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí a ti sọ lọ. Ẹ má ṣe bá wọn jà nítorí rẹ̀. Ọmọ tí kò rí kìnnìún rí bí kò ṣe nínú àlọ́, ó yẹ kí ó rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń jáde bọ̀, ẹ fi ilé ìkàwé hàn wọ́n, kí ẹ sì wí fún wọn pé ní ọdún 1971, ilé ìtẹ̀wé yunifásítì yìí kan náà tẹ ìwé Akin Mabogunje àti J. Omer-Cooper lórí ìtàn Òwu. Ọ̀rọ̀ ìjà ọjà Àpòmù ti di ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ Àpòmù fúnra rẹ̀ ṣàìmọ̀ ọ́n?

Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ara sì fẹ́ ìtura, Ọgbà Àgọ́dí wà níbẹ̀, igi àti omi sì wà nínú rẹ̀. Àgbàrá ńlá ọdún 2011 ba ọgbà náà jẹ́, a sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá jókòó sí etí omi níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé odò Ògùnpa tí ó kún àkúnya ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìlú ńlá ní ẹwà. Ó ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá níbi tí a bá ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi.

ÌKẸRIN: Ọ̀NÀ ILÉ

Ìrìn-àjò kò parí nígbà tí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti padà. Bí ẹ bá dé Àṣèjíre, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n wo ìta. Níbẹ̀ ni a ti sé odò Ọ̀ṣun, tí omi rẹ̀ sì tẹ́ lọ bí ọ̀sà. A parí iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Láti ibẹ̀ ni a ti ń fa omi lọ sí Ìbàdàn. Odò kan náà tí a ń bọ ní Òṣogbo ni àwọn ará ìlú ńlá fi ń se ọbẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n sì mọ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì dé Ìkirè, ẹ ó rí àwọn èrò ọ̀nà tí ń na ọwọ́ láti inú ọkọ̀ wọn láti ra dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù tí a fi ata àti àlùbọ́sà sí, tí a sì fi epo pupa dín títí ó fi dúdú. Ohun tí ó wà nílé yín, tí ẹ rò pé kò jẹ́ nǹkan, ni àlejò ń dúró rà. Ohun ìwòran ni ìlú yín jẹ́ lójú ẹlòmíràn.

Nítorí náà a dá a lábàá pé kí ọjọ́ tí ó kẹ́yìn nínú ìsinmi jẹ́ ti ilé. Kí àwọn ọmọ Ìkirè àti àwọn ọmọ Àpòmù tọ àwọn àgbà lọ, kí wọ́n sì bèèrè ibi tí ọjà àtijọ́ gbà dé, ìdílé tí Baálẹ̀ tí ó kú fún ìlú ti wá, àti bí ìlú ṣe padà dúró lẹ́yìn tí Òwu pa á run. Kí wọ́n mú ìwé àti kálàmù lọ. Kí àwọn tí ó lágbára lọ títí dé Orílé-Òwu, tí kò jìnnà, kí wọ́n wo ìlú tí a pa run nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ti ọjà wa bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì tún padà wá gbé. Kí wọ́n kí wọn bí ará ilé, nítorí ìjà ti parí tipẹ́. Òpó Mápó yóò dúró bí ẹ kò tilẹ̀ lọ wò ó ní ọdún yìí. Àgbà tí ó mọ ibi tí ọjà wà, òun kò lè dúró títí. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kánjú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ̀ràn mẹ́ta kan kádìí rẹ̀. Kìíní, kí òbí sọ ìtàn fún ọmọ kí ó tó rí ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nítorí ojú tí kò gbọ́ nǹkan kì í rí nǹkan. Ìkejì, kí ẹ má ṣe fẹ́ rí ohun gbogbo ní ọjọ́ kan. Ibi mẹ́ta tí a wò dáadáa sàn ju ibi mẹ́wàá tí a sáré kọjá lọ. Ìkẹta, bí ọmọ bá dé, ẹ má ṣe bi í pé kí ni ó rà bọ̀. Ẹ bi í pé kí ni ó rí níbẹ̀ tí ó jẹ́ tiwa.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìbàdàn kò ní gbẹ nítorí pé ó gbàgbé Àpòmù; ó tóbi, ó sì ní orísun púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí Àpòmù àti Ìkirè bá gbàgbé ara wọn, ta ni yóò rán wọn létí? Ẹ máa lọ ní àlàáfíà, kí ẹ sì padà bọ̀ ní àlàáfíà.